Ta Ló Fún Wọn Láṣẹ Láti Wọ Ilẹ̀ Onílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ kan. Lọ́dún 1990, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lára àwọn sójà tí wọ́n kó lọ sí Làìbéríà, àwọn tí à ń pè ní ECOMOG. Bí akọni la ṣe kí i káàbọ̀ nígbà tó dé. Lọ́dún 2017, ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó rán wọn, tún kó sójà wọ Gáḿbíà, inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2023, nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wọ Niger, àwọn kan náà tó ń yọ̀ nígbà yẹn ló fàáké kọ́rí pé orílẹ̀-èdè tó dá dúró ni Niger, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Èwo ni ká wá mú? Bí bàbá kan bá tilẹ̀kùn mọ́rí tó ń lu ọmọ rẹ̀ ní àlùpa, ṣé ará àdúgbò á kọ́kọ́ lọ gbàṣẹ kí wọ́n tó já ilẹ̀kùn ni? Àwọn dókítà àti Red Cross tó ń wọ ibi tí ogun wà ńkọ́, ṣé àṣẹ làwọn náà ń gbà? Àti pé, ṣé wọ́n lè wọ Nàìjíríà tiwa bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan?

Olùkọ́ afẹ̀yìntì, Ìṣẹ́yìn

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Àwọn amòfin tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí jẹun náà ò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ló rú lójú. Bí ìbéèrè yín ṣe yé mi, ó dà bíi pé òfin méjì ló wà: ọ̀kan sọ pé kí kálukú máa ṣàkóso ilẹ̀ rẹ̀ láìsí àyọjúràn, èkejì sọ pé tí ẹ̀mí bá ti ń ṣòfò, kí aládùúgbò dìde. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé èyí tó bá rọ àwọn alágbára lọ́rùn ni wọ́n ń fà yọ nínú méjèèjì.

Òfin kan ni, Mà. Èyí àkọ́kọ́ ni òfin. Èkejì jẹ́ ohun tí àánú ń sọ fún wa, òfin sì ti fi àyè kékeré sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n àyè náà ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ìyà tó ń jẹ ará ìlú, bó ti wù kó burú tó, kò sọ ara rẹ̀ di ìwé àṣẹ fún orílẹ̀-èdè mìíràn. Ohun tí òfin máa ń kọ́kọ́ béèrè ni: ta ló ní kí ẹ wá? Tí ẹ bá fi ìbéèrè yẹn wo Làìbéríà, Gáḿbíà àti Niger, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ wọn ò jọra rárá.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí bàbá tó ń lu ọmọ yẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdààmú náà ti wá. Ní Ìṣẹ́yìn, bí ará àdúgbò bá já ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Báálé máa gbọ́, ọlọ́pàá máa dé, ilé ẹjọ́ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń lu ọmọ, àbí tẹlifísọ̀n ni àwọn tó já ilẹ̀kùn ń wá gbé. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, kò sí ọlọ́pàá. Ilé ẹjọ́ àgbáyé tó wà ní The Hague pàápàá kò lè dá ẹjọ́ fún ìjọba tí kò gbà kó dá ẹjọ́ òun. Ẹni tó bá ti lágbára lè sọ nígbàkígbà pé òun gbọ́ igbe ọmọ. Ohun tí Hitler sọ lọ́dún 1938 nìyẹn. Ó ní wọ́n ń fìyà jẹ àwọn tó ń sọ èdè Jámánì ní agbègbè Sudeten, ní Czechoslovakia. Ó gba agbègbè náà ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 1939, àwọn sójà rẹ̀ ti wọ Prague.

Àwọn tó péjọ sí San Francisco lọ́dún 1945 láti kọ ìwé àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò tíì gbàgbé èyí. Nínú abala kejì ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ pé orílẹ̀-èdè kankan ò gbọdọ̀ gbógun ti òmíràn tàbí kó fi ogun halẹ̀ mọ́ ọn, àti pé Àjọ náà fúnra rẹ̀ ò gbọdọ̀ tojú bọ ọ̀rọ̀ abẹ́lé orílẹ̀-èdè. Àyè méjì ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbógun tì lè gbèjà ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Aláàbò, ìyẹn orílẹ̀-èdè 15 tó ń jókòó ní New York, sì lè ní kí wọ́n lo ọmọ ogun tí àlàáfíà bá wà nínú ewu. Mẹ́sàn-án nínú wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, bí ọ̀kan nínú Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà bá sì ní rárá, ó parí nìyẹn. Ọ̀nà kan ṣì kù tí gbogbo ayé gbà, pé ìjọba tó ni ilẹ̀ lè fẹnu ara rẹ̀ pe ọmọ ogun àlejò wọlé.

Ó yá, ká lọ sí Làìbéríà níbi tí ẹ̀gbọ́n yín lọ. Lọ́jọ́ tó ṣíwájú Kérésìmesì ọdún 1989, Charles Taylor àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba Ivory Coast wọ agbègbè Nimba. Samuel Doe tó wà lórí àga nígbà náà, sójà tó fi ìbọn gbàjọba lọ́dún 1980 lòun náà. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 1990, ogun ti dé Monrovia. Taylor wà lápá kan, Prince Johnson tó yapa kúrò lẹ́yìn rẹ̀ wà lápá kejì, Doe há sí ààfin rẹ̀. Lóru ọjọ́ 29 oṣù náà, àwọn sójà Doe ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì St Peter's ti ìjọ Lutheran, níbi tí àwọn èèyàn sá pamọ́ sí, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹ̀yà Gio àti Mano. Nǹkan bí 600 ni wọ́n pa síbẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ìlú náà ò ríbi sá lọ. Akọ̀ròyìn wa méjì tó lọ wo bí nǹkan ṣe ń lọ, Krees Imodibie àti Tayo Awotusin, kò padà wálé mọ́.

Ta ló máa gbà wọ́n? Ọkọ̀ ojú omi ogun Amẹ́ríkà wà lórí òkun nítòsí, ṣùgbọ́n àwọn ará wọn ni wọ́n wá kó. Ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ni Ìráàkì ya wọ Kuwait, ojú gbogbo ayé sì yí síbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ kan tí ECOWAS yàn jókòó ní Banjul, wọ́n sì pinnu láti rán ọmọ ogun. Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ni wọ́n gúnlẹ̀ sí èbúté Monrovia, Ọ̀gágun Quainoo láti Gánà ló ṣáájú wọn, ìbọn àwọn ọmọ Taylor ló sì pàdé wọn.

Ṣé wọ́n gbàṣẹ? Doe ti kọ lẹ́tà sí ECOWAS ní oṣù keje pé kí wọ́n wá. Àwọn tó ń gbèjà ECOMOG máa ń na lẹ́tà yẹn sókè. Àwọn mìíràn á wá bi wọ́n pé: ẹni tí àṣẹ rẹ̀ ò kọjá ọgbà ààfin rẹ̀ mọ́, tí àwọn sójà rẹ̀ pa 600 èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì kí oṣù tó kọ lẹ́tà náà tó parí, ṣé òun náà ló ṣì lè pe àlejò fún ìlú? Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí tún wá dá kún un. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án, Doe wá sí orílé-iṣẹ́ ECOMOG ní èbúté, àwọn ọmọ Prince Johnson ká a mọ́bẹ̀, wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì pa á. Ẹni tó ní kí wọ́n wá ti kú, àwọn tó pè ò sì kúrò.

Inú ECOWAS alára ò dọ́gba. Burkina Faso sọ ní gbangba pé òun ò fara mọ́ ọn. Ìgbìmọ̀ Aláàbò ò fún wọn láṣẹ kí wọ́n tó lọ. Ó di oṣù kọkànlá ọdún 1992 kó tó gbé ìpinnu 788 jáde, tó yin ECOWAS, tó sì ní kẹ́nikẹ́ni má kó ohun ìjà lọ sí Làìbéríà àyàfi fún àwọn ọmọ ogun ECOWAS. Wọ́n ti kọ́kọ́ já ilẹ̀kùn ná, àwọn àgbà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ọdún méjì. Kò síbi tí òfin ti sọ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ fọkàn balẹ̀. Bóyá ó bófin mu láti wọ ìlú tàbí kò bófin mu, ọrùn àwọn olórí tó rán wọn ló wà, kò sí lọ́rùn ẹni tí wọ́n rán. Ohun tí sójà máa jíhìn fún ni ìwà tó hù nígbà tó débẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré o. Àwọn ará Làìbéríà tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ECOMOG ló tún fi lẹ́tà inú orúkọ náà dápàárá, pé ohun tó dúró fún ni pé gbogbo mọ́tò àti ohunkóhun tó bá ṣeé gbé ti bá wọn lọ. Ẹni tó wá gba ọmọ sílẹ̀ lè gbé tẹlifísọ̀n lọ pẹ̀lú.

Gáḿbíà yàtọ̀ pátápátá, ibí yìí sì ni mo rò pé okùn ti lọ́ mọ́ra lọ́wọ́ yín. Kò sẹ́ni tó ń pa ará ìlú ní ìpakúpa ní Banjul ní oṣù kìíní ọdún 2017. Ọ̀rọ̀ ìbò ni. Yahya Jammeh, tó ti wà lórí àga láti 1994, fìdí rẹmi nínú ìbò ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 2016, ó kọ́kọ́ gbà, ó wá yí ohùn padà ní ọjọ́ 9. Ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní, wọ́n búra fún Adama Barrow ní ilé iṣẹ́ aṣojú Gáḿbíà ní Dakar, ní Senegal, ó sì ké sí ECOWAS. Ìgbìmọ̀ Aláàbò gbé ìpinnu 2337 jáde lọ́jọ́ kan náà. Ìpinnu náà ti ECOWAS lẹ́yìn, kò sì sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tó sọ ní pàtó pé kí wọ́n lo ọmọ ogun. Ohùn Barrow ni wọ́n gbára lé. Ẹni tí ará ìlú dìbò yàn ló pe àlejò wọ ìlú rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tí wọ́n gba àṣẹ ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Jammeh kúrò ní ọjọ́ 21.

Niger wá ńkọ́? Kò sí ìpakúpa níbẹ̀ náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ ló ti Mohamed Bazoum mọ́lé ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023. Òun ṣì ni ààrẹ tí ECOWAS mọ̀ nígbà náà, ó tiẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ kan sí ìwé ìròyìn Washington Post pé kí àgbáyé ran òun lọ́wọ́. Ní ti àṣẹ, Mà, ohun tó wà lọ́wọ́ Bazoum ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Barrow. Èyí tó yàtọ̀ ni bí ilẹ̀ ṣe rí. Senegal yí Gáḿbíà ká níhà mẹ́ta, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Gáḿbíà sì sọ pé òun ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀yìn àwọn tó gbàjọba ni ọmọ ogun Niger wà ní tiwọn, Mali àti Burkina Faso sì sọ pé ẹni tó bá gbógun ti Niger gbógun ti àwọn náà. Ìpínlẹ̀ méje ní òkè ọya ló bá Niger pààlà, láti Kebbi títí dé Borno, ẹbí àti ará ló sì wà lódì kejì. Abala karùn-ún òfin Nàìjíríà ti 1999 ní ààrẹ ò gbọdọ̀ rán ọmọ ogun lọ jà níta láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, wọn ò gbà.

Èmi ò bá àwọn tó ní ká má lọ wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pariwo pé orílẹ̀-èdè tó dá dúró ni Niger, ẹ̀rù ogun ló ń bà wọ́n, wọ́n kàn fi aṣọ òfin bò ó ni. Ẹ̀rù ogun tó ìdí láti má lọ. Ì bá ti dára kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn bíi tiyín ì bá má máa wá ibi tí òfin ti yí padà láàárín 2017 àti 2023. Kò yí padà.

Ẹ lè wá sọ pé òfin yìí le jù, pé ó lè jẹ́ kí wọ́n pa èèyàn tán lójú ayé. Rùwáńdà lọ́dún 1994 làwọn èèyàn sábà máa ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ìpẹ̀yàrun náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti wà ní Kigali, ìjọba Rùwáńdà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbà wọ́n sí ilẹ̀ rẹ̀. Roméo Dallaire, ọmọ Kánádà tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi kún àwọn ọmọ ogun òun. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, Ìgbìmọ̀ Aláàbò dìbò láti dín wọn kù sí 270. Nàìjíríà wà nínú ìgbìmọ̀ lọ́dún yẹn. Rùwáńdà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, aṣojú ìjọba tó ń pa èèyàn jókòó láàárín wọn. Nǹkan bí 800,000 èèyàn ló kú láàárín 100 ọjọ́. Ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Wọn ò fẹ́ lọ ni.

Àwọn tó lọ láìgbàṣẹ náà wà. Lọ́dún 1999, NATO fi ọkọ̀ òfuurufú ju bọ́ǹbù sí Sẹ́bíà fún ọjọ́ 78 nítorí ìyà tó ń jẹ àwọn ará Kosovo, wọn ò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ Aláàbò nítorí wọ́n mọ̀ pé Rọ́ṣíà máa fagi lé e. Ìgbìmọ̀ olómìnira kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn ogun, wọ́n ní kò bófin mu, ṣùgbọ́n ó ní ìdí tó tọ́. Èsì tí mo ní fún ìbéèrè yín nípa jíjá ilẹ̀kùn kò jìnnà síyẹn. Aládùúgbò lè já ilẹ̀kùn kí àwọn yòókù sì gbójú fò ó, pàápàá tí ọmọ bá yè. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n sọ ìgbójúfò yẹn di òfin. Ẹni tó bá já a ni kó ru ẹrù àlàyé.

Ẹ ti lè gbọ́ pé gbogbo èyí yí padà lọ́dún 2005, nígbà tí àwọn olórí ayé fọwọ́ sí i ní New York pé ojúṣe ìjọba ni láti dáàbò bo ará ìlú rẹ̀, àti pé tí ó bá kùnà, àgbáyé lè dìde. Òótọ́ ni, inú mi sì dùn sí i. Ẹ kàn ka ìparí rẹ̀: Ìgbìmọ̀ Aláàbò yìí náà ni àṣẹ ti máa wá, lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọ̀ràn bá ṣe rí. Wọ́n lò ó ní Líbíà ní oṣù kẹta ọdún 2011, Nàìjíríà dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni. Ààbò ará ìlú ni wọ́n fọwọ́ sí. Kí oṣù kẹwàá tó parí, ìjọba Gaddafi tó wà lórí àga níbẹ̀ ti wó, òun náà sì ti kú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Síríà dé iwájú ìgbìmọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá yẹn kan náà, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà fagi lé e.

Ní ti àwọn dókítà àti Red Cross: àwọn yẹn ò gbé ìbọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ti ìkógunwọ̀lú. Wọ́n ṣì máa ń gbàṣẹ, ìjọba sì lè fi àṣẹ náà ni wọ́n lára. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Nígbà ogun abẹ́lé wa, ìjọba àpapọ̀ ní oúnjẹ tó bá ń lọ sí Biafra gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ òun kọjá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ìjọ Kristẹni sì ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Uli tó wà níbẹ̀ lóru láìgbàṣẹ. Àwọn dókítà Faransé kan tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wà lára àwọn tó dá Médecins Sans Frontières sílẹ̀ lọ́dún 1971.

Ó wá ku ti Nàìjíríà tiwa. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe lórí ìwé. Ní oṣù keje ọdún 2000, àwọn olórí Áfíríkà fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní Lomé, ní Togo, Nàìjíríà náà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i. Abala kẹrin ìwé náà fún Àjọ yìí lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú rẹ̀ nítorí ìpẹ̀yàrun, ìwà ọ̀daràn ogun àti ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn. Ìpàdé àwọn olórí ló máa pinnu, tí ohùn wọn ò bá sì ṣọ̀kan, ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Wọ́n ti sún mọ́ ọn rí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, nígbà tí wọ́n ń pa èèyàn ní Bùrúndì, ìgbìmọ̀ àlàáfíà Àjọ náà ní kí 5,000 ọmọ ogun lọ síbẹ̀. Ààrẹ Nkurunziza ní ẹni tó bá wọlé láìgbàṣẹ, òun máa bá a jà. Àwọn olórí pé jọ sí Addis Ababa ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2016, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọn ò sì rán ọmọ ogun náà mọ́. Wọ́n ní kí àwọn aṣojú lọ bá a sọ̀rọ̀.